Awọ Lásán Ni Bàbà Òkè Náà

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé òkú onímọ̀ òkúta, tí wọ́n ti ń wá láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, jáde nínú kòtò àtijọ́ orí òkè. Àbúrò rẹ̀ ló wọ inú kòtò náà lọ.

Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni," ló ń wí bó ti ń so okùn mọ́ ìdí. "Ẹ má bá mi du ú." Àwọn òṣìṣẹ́ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó pẹ́ nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó gbá òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ìdì okùn kan rọ̀ léjìká rẹ̀, ó ń kán omi tótó. Òòlù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ìgbànú rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí i," ó wí, ó sì gbé òòlù náà sílẹ̀ níwájú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kì í ṣe pé ó ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ọ̀daràn. Kì í kàn fi ẹnu ṣe iṣẹ́ tí ojú lè ṣe ni. Láti ìgbà tó sì ti sin ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tún dín kù sí i.

Ó kúnlẹ̀ ti òkú náà. Tíṣà Òkúta ni gbogbo ìlú ń pe olóògbé, nítorí ẹni tó bá kí i káàárọ̀ kò ní lọ láìgba ẹ̀kọ́ kan nípa òkúta. Omi kún bàtà rẹ̀, omi kòtò náà, tó dà bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Ilẹ̀ aláwọ̀ ewé kún abẹ́ èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ti òsì mọ́. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan so mọ́ ìgbànú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pọ́n, tó ń dán, àfi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́.

Kọ́kọ́rọ́ tó rẹwà, Ìyá Jẹ́jẹ́ rò nínú ara rẹ̀. Ó wo òòlù. Irin dúdú ni, ojú rẹ̀ funfun níbi tó ti ń pàdé òkúta lójoojúmọ́.

Máníjà iléeṣẹ́ tó ń wá bàbà lórí òkè náà dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó sanra ni, tí kì í lè dúró sójú kan.

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ọlọ́dẹ wa ló tì í sínú kòtò. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìyí, etí kòtò la ti rí i. Tíṣà Òkúta fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí pé ó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ní kó máa lọ lópin oṣù. Ó búra níwájú gbogbo wa pé ẹni tó bá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òun, ilẹ̀ ni yóò gba onítọ̀hún."

"Ìgbà wo lẹ rí olóògbé kẹ́yìn?"

"Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo rí i. Mo rìnrìn àjò lẹ́yìn náà, mo lọ pàdé àwọn tó ni iléeṣẹ́. Àná ni mo dé. Awakọ̀ mi wà níbẹ̀, ẹ bi í."

Ó bi awakọ̀. Òótọ́ ni.

*

Nínú àtìmọ́lé, ọlọ́dẹ náà jókòó sílẹ̀, ó fi orúnkún gbé àgbọ̀n.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní Má-Sùn?"

"Ọ̀gá, torí pé mo máa ń sùn ni."

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"O sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Oòrùn ò tíì wọ̀ tán tí mo ti sùn. Mo fi tọ́ọ̀ṣì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Nígbà tí mo jí, kò sí mọ́."

"O ò sì kígbe olè?"

"Kí n kígbe kẹ̀? Wọn ò ní bi mí pé níbo ni mo wà tí olè fi jí i? Ọlọ́dẹ tí wọ́n jí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbé, ẹ̀sín wo ló tún kù?"

"O búra pé ilẹ̀ ni yóò gba Tíṣà Òkúta."

"Mo sọ ọ́. Inú ló bí mi. Bí gbogbo èpè tí mo ti ṣẹ́ bá ń ṣẹ, Ọ̀gá, àna mi ò ní wà láyé mọ́." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó purọ́ á ní ẹlẹ́rìí. Èmi, oorun nìkan ni ẹlẹ́rìí mi."

Ọ̀gá àgọ́ náà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọjọ́ Ajé ni n óò gbé e lọ síwájú adájọ́. Bó o bá ní nǹkan tí wàá wò, tètè wò ó."

*

Ilé ìyá olóògbé kò jìnnà. Àwọn tó wá kẹ́dùn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní pálọ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ mọ irú ohùn yẹn. Ilé tirẹ̀ náà ti gbọ́ ọ rí.

Ìyá arúgbó náà kò sunkún. Ó ní kí gbogbo wọn jáde.

"Ìwọ ni wọ́n ní o ń wá ẹni tó pa ọmọ mi?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Wọ́n ní ọlọ́dẹ ni. Ìwọ ńkọ́?"

"N kò tíì mọ̀."

"Ó dáa. Ọjọ́ tó o bá mọ̀, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Má rán ẹnikẹ́ni sí mi. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, ẹni yòówù kó jẹ́. Ọmọ méjì ni mo ní. Mi ò fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó pa ọ̀kan lójú ọ̀nà."

"Mo gbọ́, Ìyá. Báwo lọ̀rọ̀ òkè yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. Ọkọ òun ló kọ́kọ́ rí i, ó wí. Kànga ló ń gbẹ́ tí òkúta aláwọ̀ ewé kan fi yọ sí i. Ó gbé e lọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ní bàbà ni. Iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ dé, wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá, omi kún un mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ. Ìkejì dé, wọ́n la ilẹ̀ gbọọrọ lórí òkè náà bí ẹni la ebè, àwọn náà lọ láìdágbére. Ọkọ òun kò lọ.

"Wọ́n fi í ṣẹ̀sín títí. Bí àlejò bá ti dé, yóò gbé ọ̀bẹ ìdáná mi, ó di etí kòtò. Yóò fi okùn sọ ọ̀bẹ sínú omi. Kí wọ́n tó mu omi tán nínú ife, á fà á jáde, gbogbo ara ọ̀bẹ á ti pọ́n. Á ní, 'Ẹ wò ó! Bàbà rèé!' Kò sí ọ̀bẹ mi kan tó funfun mọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì á máa pàtẹ́wọ́."

Ife omi dúró lọ́wọ́ Ìyá Jẹ́jẹ́, kò dé ẹnu rẹ̀.

"Ṣé irin èyíkéyìí ni, Ìyá?"

"Irin èyíkéyìí tí wọn ò bá fi ọ̀rá pa. Bàbà ló wà nínú omi yẹn, ara irin ló máa ń bà lé. Kí ló dé?"

"Kò sí, Ìyá."

Ó dìde. Kọ́kọ́rọ́ tó rẹwà! Irin lásán ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó wọ omi. Òòlù tí wọ́n ní ó bá wọn sùn nínú omi kan náà, kò pọ́n.

*

Ẹnì kan tí yóò jẹ́ kó dá a lójú ló kù. Dókítà bá a sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà.

"Ọrùn ló ṣẹ́. Orí òkúta tó wà lábẹ́ omi ló bà lé. Ojú ẹsẹ̀ ló kú."

"Kò gbìyànjú láti gun ògiri kòtò?"

"Òkú kì í gun ògiri, Màdáámù."

"Èékánná rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ha nǹkan kó tó ṣubú nìyẹn." Dókítà gbé apá òkú náà sókè. Ojú okùn wà lábíyá méjèèjì, ó ti di àwọ̀ elésè-àlùkò.

"Okùn tí wọ́n fi fà á jáde kọ́?"

"Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sábẹ́ awọ yìí, ẹ̀jẹ̀ òkú kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ààyè ló wà nígbà tí okùn yìí di ara rẹ̀ mú."

Ìyá Jẹ́jẹ́ jáde, ó jókòó sínú ọkọ̀, kò tan iná ọkọ̀. Wọn kò ti ọkùnrin náà láti etí kòtò. Wọ́n fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì fi ìka ha ògiri. Ẹni tó ní òòlù, kí ló ń fi ìka ha òkúta fún? Òòlù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ta sì ni èèyàn á fi okùn ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lọ́wọ́? Kì í ṣe ọlọ́dẹ tí òun fúnra rẹ̀ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Okùn tó sọ ọ́ kalẹ̀ dà? Ẹni kan ṣoṣo ló wọ kòtò yẹn láàárọ̀. Okùn kan ló fi wọlé. Nígbà tó jáde, méjì ni.

*

Ó bá máníjà nínú ilé ìkó-òkúta-sí. Àpótí pẹlẹbẹ tò láti ilẹ̀ dé òkè ògiri. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òkúta tí ẹ̀rọ fà yọ látinú ilẹ̀ sùn sí, gbọọrọ, róbótó, bí àbẹ́là.

"Kí ni Tíṣà Òkúta rí nínú àwọn wọ̀nyí?"

"Iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, Màdáámù. Àyẹ̀wò ò tíì..."

"Ọ̀gá, èèyàn ti kú. Kí ló rí?"

Máníjà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó fa àpótí kan jáde. Òkúta ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bí ewédò orí omi. Lẹ́yìn èyí, ó di eérú, eérú ló sì jẹ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ó fa òmíràn. Bákan náà.

"Ẹ ti rí i. Ibi gbogbo la lù, bákan náà ló rí. Òun ló là á yé mi. Ó ní iṣan bàbà kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, tó tín-ín-rín. Òjò ń fọ̀ ọ́ láti ìgbà tí a ò tíì dáyé, ó ń tàn án ká orí òkè. Osùn díẹ̀ tí wọ́n fi pa gbogbo ara ni. Awọ lásán ni. Ẹran ò sí lábẹ́ rẹ̀." Ó nu ojú. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ẹnu dúró títí n óò fi rí àwọn tó ni iléeṣẹ́. Ó ní òun ò fi òkúta parọ́ rí. Inú bí mi, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n mi ò pa á."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Àbúrò rẹ̀ ni. Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Òun ló ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni òkúta kọ́kọ́ ń kọjá. Ìgbà gbogbo ló ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n lu ihò kan sí i, ihò kan péré."

*

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ bá Ọ̀gá Ẹ̀rọ nínú àgọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ, irinṣẹ́ so kọ́ ara ògiri, òórùn ọ̀rá ẹ̀rọ gba gbogbo inú rẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé abọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ bò kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó gbé òòlù tì í. Ọlọ́pàá méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ́jú," ó wí.

"A dúpẹ́, Màdáámù. Ṣé ọlọ́dẹ ti jẹ́wọ́?"

"Kò tíì jẹ́wọ́. Ìbéèrè kékeré kan ló gbé mi wá. Òòlù yìí, orí òkúta lẹ ti rí i ni, àbí inú omi?"

"Inú omi. Ó rì. Ọwọ́ ni mo fi wá a."

"Ó dá yín lójú?"

"Ṣebí èmi ni mo mú un. Ó bá ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ni, ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà."

Ìyá Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sí ara ògiri, ó mú sípánà kan, ó fi aṣọ nu ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò dáadáa. Ó ṣí abọ́. Omi aláwọ̀ aró ló wà nínú rẹ̀. Ó ju sípánà náà sí i.

Kò pẹ́. Ìpọ́n kan yọ ní ẹnu sípánà náà, ó rìn lọ sí ọrùn rẹ̀, ó bo gbogbo ara rẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ olóògbé jáde, ó tò ó ti abọ́. Àwọ̀ kan náà ni. Òòlù nìkan ló dúdú láàárín wọn.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ wo tábìlì náà títí.

"Ta ló sọ fún yín?" Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé.

"Ìyá yín ni."

"Ọ̀bẹ Màámi." Ó fi ọwọ́ bojú. "Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mo dàgbà lórí omi yẹn. Mo ki òòlù bọ̀ ọ́ kó lè tutù, mo fà á yọ. Ojú ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo ń wò nísàlẹ̀ yẹn, Màdáámù. Mi ò rí nǹkan mìíràn."

"Ẹ fi òòlù pamọ́ sínú aṣọ nígbà tẹ́ ẹ wọ kòtò. Ẹ tú okùn kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ èjìká, gbogbo èèyàn rò pé ara okùn tẹ́ ẹ fi wọlé ni. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó fi ìka kan etí tábìlì.

"Ó wá bá mi níbí nírọ̀lẹ́. Orí tábìlì yìí ló gbé òòlù lé. Ó ní òun fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu òun kó tó dé etí ìlú, pé òkè náà ṣófo. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ibì kan wà lára ògiri kòtò tí baba wa gbé ọwọ́ mi lé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó ní ibẹ̀ ni ọ̀nà wà. Mo ní kó wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, 'Àbúrò, bí ìyẹn bá máa jẹ́ kó o sùn, jẹ́ ká lọ.' Mo mú tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́dẹ. Ó ń hanrun. Àwa méjèèjì la fi rẹ́rìn-ín."

Ó fa òòlù náà súnmọ́ ara rẹ̀.

"A dé etí kòtò kó tó rántí òòlù. Mo ní kò nílò rẹ̀, ibẹ̀ ti rà, ìka tó o. Mo so okùn sí abẹ́ abíyá rẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo gbọ́ tó ń ha á. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín, ó dà bí ẹ̀rín ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù tó wá rí i. Ó pè mí látìsàlẹ̀, ó ní, 'Àbúrò, kò nípọn ju ìka mi lọ. Ìka kan ni baba wa fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́.'"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Okùn kúrò lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ó bọ́ ni, àbí ẹ jù ú sílẹ̀?"

Ọkùnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ẹnu mi láti sọ pé ó bọ́. Mo jù ú sílẹ̀. Gbogbo ìlú ló ti fi baba wa rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbọ́ ti ọmọ tó bí."

"Ọlọ́dẹ náà sì wà látìmọ́lé."

"Mi ò nawọ́ sí i. Àwọn ló ń dárúkọ rẹ̀, mo kàn dákẹ́ ni."

"Ìdákẹ́ yẹn ì bá pa ẹnì kejì," Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. Ó ṣẹ́jú sí àwọn ọlọ́pàá.

*

Wọ́n tú Má-Sùn sílẹ̀ kí oòrùn tó rọ̀. Ó bi wọ́n bóyá òun lè gba tọ́ọ̀ṣì òun. Wọ́n ní ẹ̀rí ni, ó di ìgbà tí ẹjọ́ bá parí.

"Ìyẹn ni pé èmi ti lọ sílé, tọ́ọ̀ṣì mi ló ṣì wà látìmọ́lé," ó wí. Ó bọ́ sójú ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ní kó má bínú.

Ìyá Jẹ́jẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé arúgbó náà. Ó bá a nínú yàrá, lórí ibùsùn. Ó ti ilẹ̀kùn.

"O ti mọ̀," ni arúgbó náà wí.

"Mo ti mọ̀, Ìyá. Inú ilé yìí ló ti wá."

Arúgbó náà kò mira. "Ẹnì kan ló kù nínú ilé yìí."

"Òun ni."

Níta, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀.

"Ṣé tìtorí òkè yẹn ni?"

"Tìtorí rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ní baba àwọn kò rí nǹkan kan. Kò lè gbà á."

"Baba wọn náà mọ̀." Arúgbó náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka nǹkan látorí ògiri. "Ó sọ fún mi nígbà tí àìsàn dè é mọ́lẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí nǹkan nísàlẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún àwọn ọmọ. Ó ní, 'Jẹ́ kí wọ́n ní baba tó rí nǹkan.' Mo ṣèlérí fún un. Mo mú ìlérí náà ṣẹ."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ya ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀, ọmọ mi. Kò sí níbẹ̀." Ó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra. "Ṣé ẹ̀ ń jẹ́ kí ẹbí rí wọn níbi tẹ́ ẹ tì wọ́n mọ́?"

"À ń jẹ́ kí wọ́n rí wọn, Ìyá."

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀ lọ́la." Ó di ọwọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà mú, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì le. "Ṣùgbọ́n èyí tí mo sọ fún ọ nípa baba rẹ̀, má sọ ọ́ fún un. Kò tún ní nǹkan mìíràn mọ́."

"N kò ní sọ ọ́, Ìyá."